Lẹ́ńsì Màmá Ìfọ̀ àti Ibi Tí Ìkíni Dé

Màmá kì í bi oníbàárà pé irú fótò wo ló fẹ́ yà. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé ó ti jẹun. Bí onítọ̀hún bá ní òun ò tíì jẹun, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á gbé omi àti kúlíkúlí fún un, wọ́n á béèrè ìyá rẹ̀, wọ́n á béèrè bí ọjà ṣe ń lọ, títí ojú rẹ̀ á fi rọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ gbé kámẹ́rà. Èmi tí mo jókòó sí igun sitúdíò, inú á ti máa bí mi. Mo ní, "Màmá, èèyàn mẹ́fà ló ń dúró níta o." Màmá ní, "Jẹ́ kí wẹ́n dúró. Ojú tí ebi ń pa, kò sí lẹ́ńsì tó lè tún un ṣe."

Ìyá tó bí ìyá mi ni Màmá. Màmá Fótò ni gbogbo Ìfọ̀ ń pè wọ́n, torí sitúdíò wọn tó wà lẹ́yìn ojú irin, tí wọ́n máa ń kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní búlúù lọ́dọọdún. Ọmọ ìlú ni wọ́n, ẹnu wọn ò sì fi ohùn Ẹ̀gbá sílẹ̀ títí tí wọ́n fi lọ. Ọkọ wọn ló kọ́ wọn níṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọkọ kú, gbogbo èèyàn rò pé wọ́n á ti ilẹ̀kùn búlúù náà pa. Ọjọ́ kejì tí wọ́n bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ni wọ́n ṣí i.

Oṣù tó kọjá ni Màmá papòdà. Wọ́n mu ẹ̀kọ tán láàárọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Àwọn àgbà ilé ti kọ ìyẹn sínú ìwé ìsìnkú, mo sì kà á tán láì bá Màmá pàdé níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ, àti ohun kan tó wọ̀ mí lọ́rùn. Fótò kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ìbàfò, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo yà á. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gba ọpẹ́ lórí rẹ̀, tí mò ń rí iṣẹ́ nípasẹ̀ rẹ̀, tí mi ò sì lẹ́nu láti sọ òótọ́ fún ẹni tó ni ín. Èmi àti Màmá nìkan ló mọ̀, bí mo ṣe rò nìyẹn. Nígbà tí Màmá lọ, ó wá ku èmi nìkan, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mi ò bá tètè sọ ọ́, màá fi irọ́ náà darúgbó.

Màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sọ́jà, torí bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Màmá jẹ́, ẹ tẹ̀lé wọn lọ ra lẹ́ńsì.

Ọ̀gá kan ní Èkó tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ ló máa ń rí wọn jù. Á to kámẹ́rà ńláńlá sílẹ̀ fún wọn, Màmá á sì fọwọ́ ti gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ara lo fi ń hàn mí. Ojú ni mo bá wá." Wọ́n á mú lẹ́ńsì kan, wọ́n á gbé e sókè sójú ọ̀run, wọ́n á wo inú rẹ̀ bóyá ebu ti ta sí i bí òwú aláǹtakùn. Wọ́n á gbé e sétí, wọ́n á máa yí òrùka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ bóyá iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Wọ́n á ṣí àwọn ewé irin kéékèèké inú rẹ̀ tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, wọ́n á pa á dé, wọ́n á wò ó bóyá epo ti ta sí i. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n á gbé àpò rẹ̀ símú. Ọ̀gá yẹn ò lè pa á mọ́ra lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń gbóòórùn lára báàgì?" Màmá ní, "Mo fẹ́ mọ irú ilé tó ti gbé ni."

Lójú tiwọn, lẹ́ńsì lèèyàn ń kọ́kọ́ yàn, ara kámẹ́rà ló ń tẹ̀lé e. Àwa tó kù, ara kámẹ́rà là ń wò: bó ṣe tóbi tó, bó ṣe ń dán, ọdún tí wọ́n ṣe é. Màmá ní aṣọ nìyẹn, aṣọ á gbó, a ó pààrọ̀ rẹ̀. "Ojú ló ń bá èèyàn dalẹ́." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń bá wọn parí rẹ̀, wọ́n á sì fà mí létí.

Mẹ́ta péré ni lẹ́ńsì wọn. Èyí tó fẹ̀, tó ń gba èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tí mọ̀lẹ́bí bá kún sitúdíò ni wọ́n ń mú un jáde. Wọn ò jẹ́ fi ya ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n ní ó ń fẹ imú ẹni ẹlẹ́ni. Èyí tó gùn, tó ń fa ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni, orí ìṣó ló ń gbé nínú àpò rẹ̀. Àyànfẹ́ wọn ni kékeré àárín, tí kò ní súùmù kankan, tí kì í fà, tí kì í sún. Bí o bá fẹ́ kí ojú èèyàn tóbi, ìwọ ni wàá rìn lọ bá a. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lára nǹkan kékeré yìí. Wọ́n gbé mi dúró níwájú ilẹ̀kùn, wọ́n rìn sẹ́yìn títí dé ibi tí wọ́n ti ń ya èèyàn, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kí mi. Mo dáhùn. Wọ́n tún rìn lọ sẹ́yìn gan-an títí dé ojú irin, wọ́n kí mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n padà wá bá mi. "Ṣó o rí i? Ibi tí ìkíni dé ni kí o ti ya èèyàn. Lẹ́ńsì tó ń mú èèyàn níbi tí ìkíni ò dé, ti olè ni."

Mo fẹ́ràn ìyá yìí o, ṣùgbọ́n wọn ò rọrùn. Ẹ bi àǹtí mi, Fúnkẹ́, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Àgbàdo.

Ebu ni ọ̀tá Màmá nígbà òjò. Bí ilẹ̀ bá ti ń rin, wọ́n á kó lẹ́ńsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agolo bisikíìtì ńlá kan tí wọ́n ti da ìrẹsì gbígbẹ sí nísàlẹ̀, torí ìrẹsì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Àǹtí Fúnkẹ́ wá kí wọn lọ́jọ́ Sunday kan. Màmá ń fọ fíìmù lọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn, èèyàn kì í sì í ṣílẹ̀kùn yẹn lójijì. Àǹtí wọ ilé ìdáná, kò rí nǹkan kan, ó wá rí agolo lórí àga. Ó fara balẹ̀ to lẹ́ńsì mẹ́ta sórí tábìlì, ó sì fi ìrẹsì náà se jọ̀lọ́ọ̀fù. Nígbà tí Màmá máa fi jáde, èmi gan-an ti ń jẹ abọ́ kejì. Wọ́n wo tábìlì, wọ́n wo ìkòkò. Àǹtí ní, "Màmá, ìrẹsì ni ìrẹsì ń jẹ́ jàre. Ta ló ń fún kámẹ́rà lóúnjẹ?" Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí àǹtí ò mọ̀ dòní ni pé Màmá bu díẹ̀ jẹ lẹ́yìn tó lọ tán, wọ́n sì ní, "Ó dùn, ṣùgbọ́n ó ń rùn báàgì."

Ìjà tèmi pẹ̀lú wọn ló ṣe pàtàkì jù. Ọdún tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí iṣẹ́ ò yọjú, inú ilé àwọn òbí mi ní Ìbàfò ni mo wà tí mo ń ka àjà. Mo wá pinnu pé iṣẹ́ Màmá ni màá ṣe, àmọ́ lọ́nà tuntun, láìsí fíìmù. Mo lọ sí Èkó, mi ò mú Màmá dání. Mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan tí lẹ́ńsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí kò ṣeé pààrọ̀, àmọ́ tí súùmù rẹ̀ lè mú ẹyẹ lórí òpó iná àdúgbò kejì. Àbùkù kan ló ní: èdè Jàpáànù ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, mo wá a títí, kò sí èdè mìíràn níbẹ̀. Kò dùn mí. Mo fi kíkà kọ́ ọ. Tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta, o dé ibi tí o ti lè pa fótò kan rẹ́. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, o dé ibi tí o ti lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ orin.

Mo gbé e lọ fi han Màmá ní Ìfọ̀. Kí ẹ má rò pé wọ́n kórìíra nǹkan tuntun o. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí ara wọn níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n ní, "Ó dáa. Mi ò ní máa wọ òkùnkùn mọ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka kan ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Kí ni wẹ́n kọ síbí?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Jàpáànù ni."

"Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè rẹ, báwo lo ṣe máa rán an níṣẹ́?"

Mo fèsì. Mo ní ayé ti kọjá tiwọn, pé ẹni tí kò bá ní súùmù lónìí, ilé ni yóò jókòó sí. Ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Màmá gbé kámẹ́rà mi lé mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Wọn ò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Ta lo fẹ́ yà?"

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí síṣẹ́ ni Ṣùkúrà. Ọmọ Ìwó ni, ó ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ fún ọdún mẹ́rin ní àdúgbò wa ní Ìbàfò, ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ sì pé, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá ń ṣàdúrà fún ọmọṣẹ́ tó sì ń tú u sílẹ̀ kó lọ dá dúró. Bàbá rẹ̀ wá láti Ìwó. Ara bàbá náà ò le. Wọ́n ti rù, àwọn èèyàn sì gbé àga fún wọn sábẹ́ igi fúrúùtù níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Màmá ti wá kí wa láti ọjọ́ Friday. Mo bẹ̀ wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tèmi ni o. Ẹ má bá mi gbé kámẹ́rà wá." Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á máa wo Màmá, wọn ò ní wo èmi.

Màmá ní, "Mo gbọ́. Àlejò ni mo jẹ́."

Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ jókòó ti bàbá Ṣùkúrà. Èmi gun bẹ́ńṣì kan lẹ́yìn gbogbo èrò, mo na súùmù mi. Láti ibẹ̀ ni mo ti ya gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ya ojú bàbá náà tó ìgbà ogún, mi ò kí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tó kan sísísọ̀, àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń tú aránṣọ sílẹ̀, ọ̀gá ní kí bàbá fi lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Bàbá dìde, Ṣùkúrà kúnlẹ̀, bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n fún un ní sísísọ̀ náà. Mo yà á. Mo wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ti wà níbẹ̀. Inú mi dùn dé àtàǹpàkò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́, èyí tí ìka mi dí lójú. Mo ń tẹ bọ́tìnnì, mò ń kà: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Iná dé. Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, èmi náà sì bá wọn hó. Mo padà sí bọ́tìnnì, mi ò rántí ibi tí mo kà dé, mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ náà bi mí ní ìbéèrè kan ní èdè Jàpáànù, mo sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò ku ẹyọ kan.

Mo bú sẹ́kún. Màmá wọlé, wọ́n jókòó tì mí, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ní ayé mi ti bàjẹ́ ní àdúgbò yìí, pé ta ni yóò tún pè mí. Wọn ò sọ pé "ṣé mo wí?" Wọ́n fa báàgì wọn, wọ́n tú ìborùn kan, kámẹ́rà àtijọ́ wọn ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì kékeré àárín yẹn. Wọ́n yí fíìmù rẹ̀ padà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi sí mi lọ́wọ́.

"Fótò mẹ́rìnlélógún ni. Gbé e lọ fọ̀ ní Monday."

"Màmá, ẹ ní ẹ ò ní gbé kámẹ́rà wá."

"Mo ní àlejò ni mo jẹ́. Ṣé àlejò ò lójú ni?" Wọ́n nu ojú mi pẹ̀lú ìborùn náà. "Sọ fún wẹ́n pé ìwọ lo yà á."

"Irọ́ nìyẹn, Màmá."

"Irọ́ ni. Bá mi gbé e fúngbà díẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá mọ bí wẹ́n ṣe ń ya tìẹ, wàá sọ òótọ́."

Fótò tó jáde nínú fíìmù yẹn, ẹni tó bá rí i kì í yára kọjá. Bàbá náà na ọwọ́ sórí ọmọ, sísísọ̀ wà láàárín wọn, bàbá sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dé ojú. Kò pé oṣù mẹ́ta tí bàbá fi kú ní Ìwó. Òun nìkan ni fótò tí ẹbí ní tí bàbá ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùkúrà ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ó gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ̀, ó sì kọ "Bùnmi ló yà á" sísàlẹ̀, torí Bùnmi lorúkọ mi níta, Àbẹ̀kẹ́ ni Màmá ń pè mí. Àwọn tó wá ránṣọ á rí i, wọ́n á béèrè mi. Bí iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Ṣùkúrà bá pàdé mi lọ́nà, á kúnlẹ̀ dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ṣẹ́ ní tòótọ́. Mo lọ ra ara kámẹ́rà tuntun tí kò lo fíìmù, lọ́tẹ̀ yìí Màmá ló mú mi lọ, èyí tí lẹ́ńsì kékeré wọn lè wọ̀. Wọ́n fi lẹ́ńsì náà sí i. "Mo yá ẹ ni o. Kì í ṣe ẹ̀bùn." Nǹkan kan ṣàjèjì sí mi: ara tuntun yìí ń gé etí àwòrán, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí nínú rẹ̀ kéré ju fíìmù lọ. Ojú tó ń wọlé tẹ́lẹ̀ wá tóbi jù, mo ní láti máa sún sẹ́yìn. Mo ráhùn sí Màmá. Wọ́n dìde pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n dúró síbi àtijọ́, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n tún wò ó. "Ìgbésẹ̀ méjì ni. Ìkíni ṣì dé ibẹ̀."

Wọ́n bá mi dá sí ọ̀rọ̀ fídíò pẹ̀lú. Mo lọ ya ìdúpẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Mowe, mo gbé e wá fi hàn wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo fa súùmù wọlé, mo tì í jáde, mo sáré lọ sọ́tùn-ún, mo padà sósì. Màmá di àga mú. "Ta ló ń lé ẹ?" Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n gbé kámẹ́rà lé orí àpótí níwájú sitúdíò, kí n má fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú márùn-ún la fi ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọjá, tí wọ́n ń dúró, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí Màmá, tí wọ́n ń lọ. Òun ni fídíò tó dáa jù tí mo ní títí dòní. Ohùn Màmá wà nínú rẹ̀, wọ́n ń dá gbogbo èèyàn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń sọ fún mi lábẹ́lẹ̀ pé, "Jẹ́ kí àwọn máa rìn. Ìwọ dúró."

Ọjọ́ kẹjọ tí a sin Màmá, Ṣùkúrà wá sí Ìfọ̀. Ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi aṣọ wé nǹkan pẹlẹbẹ kan sábẹ́ apá. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó kí gbogbo ilé, ó ní òun fẹ́ rí mi. Mo mú un wọ sitúdíò. Ó tú aṣọ náà, ó gbé fótò bàbá rẹ̀ lé orí tábìlì Màmá. Ó ní òun gbé e wá kí ó lè bá wa ṣọ̀fọ̀.

Orúkọ mi wà níbẹ̀. Mo ní, "Ṣùkúrà, èmi kọ́ ni mo ya fótò yìí. Màmá ni. Tèmi bàjẹ́ pátápátá, mo sì fi irọ́ gba ọpẹ́ rẹ láti ọjọ́ yẹn. Jọ̀ọ́, má bínú."

Kò yà á lẹ́nu. "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàbá mi." Ó fi ìka kan gíláàsì náà. "Wò wọ́n dáadáa. Ẹnì kan ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Orí bẹ́ńṣì lẹ́yìn nìwọ wà, wọn ò mọ̀ ẹ́ rí. Màmá ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ iṣu láti àárọ̀."

Mo jókòó. Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń wo fótò yẹn, mi ò bi ara mi lẹ́ẹ̀kan pé ta ni bàbá ń wò.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo fẹ́ sọ o. Mo wá bá Màmá níbí, mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ lọ, wọ́n ní ọpẹ́ náà ò ní jẹ́ kó o sùn lórí iṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. "Wọ́n ní ọjọ́ tí ìwọ fúnra ẹ bá sọ fún mi, kí n jókòó kó o yà mí."

Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó jókòó sórí àga tí gbogbo Ìfọ̀ ti jókòó sí rí, ó gbé e lé ẹsẹ̀. Mo lọ mú kámẹ́rà. Lẹ́ńsì Màmá wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n yá mi, tí wọn ò gbà padà. Mo dúró síbi tí Màmá máa ń dúró sí, mo sún ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé e sójú. Mo rí i nínú rẹ̀ pé ó rẹ Ṣùkúrà, pé ọ̀nà Ìbàfò sí Ìfọ̀ jìn, pé àárọ̀ kùtù ló ti kúrò nílé. Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀.

Mo ní, "Ṣùkúrà, ṣé o ti jẹun?"